Bí Ó Ṣe Jáde Nílé Iṣẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní àlọ́, kó máa pè é bẹ́ẹ̀, mi ò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ òrùlé páànù ẹgbẹ́ títí di òní. Wọ́n ń nù ún, wọ́n ń fi òróró pa á lára bí ọmọ tuntun, ẹni tó bá sì fẹ́ lè lọ fọwọ́ kàn án. Irin lásán ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ṣẹlẹ̀, mi ò fi iyọ̀ sí i, mi ò fi ata sí i.

Télọ̀ kan wà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ilé rẹ̀ kò tóbi: yàrá kan, pálọ̀ kan, àti ṣọ́ọ̀bù kékeré níwájú níbi tí máṣínnì rẹ̀ wà. Nígbà tí obìnrin náà wà láyé, àríyànjiyàn ni wọ́n fi ń jí, òun náà ni wọ́n fi ń lọ sùn, ẹ̀rín ló sì máa ń parí ẹ̀. Nígbà tó kú tán, ilé dákẹ́. Télọ̀ á ṣàdédé rí i pé ṣòkòtò oníbàárà lòun ń bá sọ̀rọ̀. "Ìwọ náà, o ti gùn jù." Ṣòkòtò kì í fèsì.

Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, obìnrin ni. Ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú tó jìnnà, kì í sì í rí àyè wálé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, á pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. "Bàámi, ẹ ti jẹun?" Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni Télọ̀ fi ń kó ọ̀rọ̀ jọ de ìpè yìí: oníbàárà tó sanra kó tó wá gba aṣọ rẹ̀, ológbò tó bímọ sínú apẹ̀rẹ̀ àkísà. Ká má parọ́, ìpè yẹn ló ń mú un jí láàárọ̀. Bí kò bá sí i, kò mọ ohun tí òun ìbá máa jí wá ṣe.

Ó ní ọkọ̀ àtijọ́ kan, aláwọ̀ sánmà. Kò pẹ́ tí òun àti ìyàwó rẹ̀ fẹ́ra wọn ló rà á. Láti ìgbà náà, wọ́n ti fi oríṣiríṣi nǹkan kún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ onígbàjámọ̀ ló fi hóònù ọkọ̀ akẹ́rù sí i, torí ó ní hóònù tó bá ọkọ̀ náà wá dà bí ohùn ẹni tó ń tọrọ gáfárà. Ìyàwó rẹ̀ kò ga. Nígbà tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó búréèkì, ni wọ́n bá de igi pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn kí ẹsẹ̀ lè tó o. Nígbà tí wọ́n bímọ, Télọ̀ fúnra rẹ̀ dá ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́yìn lu, ó de òrùka irin méjì mọ́ ọn. Òrùka yẹn ni wọ́n máa ń so agbọ̀n ọmọ mọ́, kó má baà yí ní kọ́nà.

Ìgbà tó dá wà tán ló gbọ́ nípa ẹgbẹ́ àwọn olólùfẹ́ ọkọ̀ àtijọ́. Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n ń pàdé nínú ọgbà kan. Òrùlé páànù gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí àwọn bẹ́ǹṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ṣéènì kan sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi ohunkóhun kún nìkan ló ń kọjá ṣéènì yẹn. Àwọn tó kù, ẹ̀bá géètì ni àyè wọn, nínú oòrùn.

Alága wọn ni wọ́n ń pè ní Ògidì. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, aṣọ rẹ̀ kì í hunjọ, tí ẹ bá sì de nọ́ọ̀tì tí kì í ṣe ti ọdún ọkọ̀ mọ́ ọkọ̀, ojú rẹ̀ á rí i kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tirẹ̀.

"Bó ṣe jáde nílé iṣẹ́ ni kó wà," ni Ògidì máa ń wí. "Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá fi nǹkan kún un ti bà á jẹ́."

Ẹni tó máa ń dá a lóhùn láti ẹ̀bá géètì ni wọ́n ń pè ní Àlẹ̀mọ́. Ọkọ̀ Àlẹ̀mọ́ kò ṣeé wò lẹ́ẹ̀kan. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tuntun, iná iwájú rẹ̀ pọ̀ ju ti ọkọ̀ panápaná lọ, ìjókòó rẹ̀ kò bára wọn mu. "Ọkọ̀ tèmi ń rìn," ni Àlẹ̀mọ́ á wí. "Tiyín ń jókòó. Ọmọ tuntun nìkan ni kò ní àpá lára, ẹ sì rí i pé kò tíì lè rìn." Wọn á rẹ́rìn-ín. Wọn kì í sì í pè é wọlé.

Ẹ̀gbẹ́ Àlẹ̀mọ́ ni Télọ̀ máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń jókòó pọ̀, tí wọ́n ń jiyàn, tí wọ́n ń gbá ara wọn léjìká. Bí ara ẹnìkan nínú wọn kò bá yá, wọn á wọ́ lọ sílé rẹ̀. Wọ́n ń pe ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ láìnídìí. Ó wu Télọ̀ débi pé ó ń dùn ún.

Ní ọjọ́ kan, Ògidì kọjá ṣéènì wá bá a. Ó rọra fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ náà.

"Télọ̀, ojúlówó ni èyí. Àwọn ìranù tí wọ́n kó sí i lára nìkan ló ń dà á láàmú."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Yọ wọ́n kúrò. Kí o wá jókòó pẹ̀lú wa."

Ìyẹn nìkan ló sọ. Télọ̀ kò sùn dáadáa lóru náà, inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ kejì ọjọ́ Ìsinmi, ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Jórinjórin, ọkùnrin kan tó ń jó irin pọ̀ nínú ọgbà tirẹ̀ lẹ́yìn ọjà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí hóònù. Jórinjórin yọ ọ́, ó fi iná dí ihò tó wà níbẹ̀, ó gbé iná sílẹ̀. Télọ̀ tẹ̀ síwájú láti wò ó. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi ń tú aṣọ, tó ń tún un rán. Ó mọ̀ pé aṣọ tí a bá tú, ihò abẹ́rẹ́ kì í tán lára rẹ̀. Kò rí ohunkóhun. Àwọ̀ sánmà náà dán lọ gbọọrọ, kò já níbì kan.

"Ọwọ́ rẹ mọ́ o," ni Télọ̀ wí.

Jórinjórin ń wo ibẹ̀. "Mi ò tíì ha á," ló wí. "Mi ò tíì kùn ún."

Lẹ́yìn náà, Jórinjórin káwọ́, ó ní ó ní láti jẹ́ pé irin àtijọ́ lágbára.

Télọ̀ yà gẹ irun nígbà tó ń lọ sílé. Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí irun àwọn méjèèjì ti dúdú, dìde fún un.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ jókòó. Ṣé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò yìí ni?"

Télọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ aláwàdà yìí."

Onígbàjámọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣọ́ra fún àlejò. "Báwo lẹ ṣe máa ń gẹ̀ ẹ́, sà?"

Láti ìgbà tí wọ́n ti mọra, onígbàjámọ̀ kò pè é ní "ẹ" rí. Télọ̀ rò pé ó ti gbọ́ pé òun yọ hóònù, pé inú ló ń bí i. Ó ní tó bá yá, inú rẹ̀ á rọ̀. Ó jẹ́ kó gẹ̀ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Abẹ kò gba ibi tó máa ń gbà.

Ó dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan igi ara búréèkì. Igi náà ti jẹ lójú kan, níbi tí bàtà obìnrin náà máa ń bá a. Nígbà tí Jórinjórin yọ ọ́ tán, tó dí ihò rẹ̀, Télọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi sí àpò ẹ̀wù lókè ọkàn. Ó ní òun á tọ́jú ẹ̀ sílé. Àánú ara rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó rántí àwọn bẹ́ǹṣì yẹn.

Àbámẹ́ta lọjọ́ náà bọ́ sí, Ògidì fúnra rẹ̀ sì wá sí ọgbà Jórinjórin láti yẹ ọkọ̀ wò. Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ tí kì í hunjọ. Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó ká rọ́ọ̀gì kúrò.

"Kí nìyí?"

"Agbọ̀n ọmọ mi la máa ń so mọ́ ọn, sà."

"Ọmọ náà ti dàgbà?"

"Ó ti dàgbà."

"Kí ló wá kù tí o fẹ́ so?"

Télọ̀ wo òrùka méjèèjì. Ìpẹtà ti mú wọn díẹ̀. Ní tòótọ́, kò sí ohun tó kù láti so.

"Yọ ọ́," ló sọ fún Jórinjórin.

"Ọwọ́ mi kún lónìí, sà. Ó di àárọ̀ Ajé."

"Kó ṣáà ti yọ," ni Ògidì wí, ó sì gbá Télọ̀ léjìká, "àárín gbùngbùn la máa gbé e sí."

Télọ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ń súfèé lọ sílé. Nígbà tó wọ pálọ̀, ó kiwọ́ bọ àpò kó lè mú igi náà jáde. Àpò ṣófo. Ó wo ilẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí àwòrán ara ògiri.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wálé ni wọ́n ya àwòrán yẹn, òun àti ìyàwó rẹ̀. Télọ̀ dúró síbẹ̀ níwájú ọkọ̀, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì rẹ̀ nà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi lé ohun kan tó ga dé ibi èjìká obìnrin tí kò ga. Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ ọwọ́ náà.

Ó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Aṣọ Télọ̀ nìkan ló kún ún láti ẹ̀gbẹ́ dé ẹ̀gbẹ́. Kò sí àyè tí ẹnìkan ti kó nǹkan kúrò. Ó fi imú wá òórùn obìnrin náà. Kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó kọjá sí ojúlé kejì, sọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ti ń bá wọn gbé àdúgbò láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ìyàwó mi. Ṣé ẹ rántí bí ó ṣe máa ń wá yá ọlọ lọ́wọ́ yín?"

"Ìyàwó wo?" Ìyá àgbà gbé ojú sókè. "Ìwọ tí a ti fi obìnrin lọ̀ lọ̀ lọ̀, tó o ní máṣínnì ni ìyàwó rẹ? Àbí o ti rí ẹnìkan?" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka sí i. "Má fi pamọ́ fún mi o. Èmi ni màá bá ọ lọ síbẹ̀."

Télọ̀ dúró. Ó padà sílé, ó jókòó sójú kan.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìsinmi, ó di ìrọ̀lẹ́ kí fóònù tó dún. Ó ti gbé e kí dídún kan tó parí.

"Bàámi, ẹ ti jẹun?"

Omi lé sójú rẹ̀. "Mo ti jẹun. Ọmọ mi, ìyá rẹ ńkọ́? O rántí ìyá rẹ, àbí?"

Ohùn ọmọ náà rọ̀. "Bàámi, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ní wọ́n gbé mi sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín ni."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ tún ní ẹ kọ́kọ́ fẹ́ gbé mi lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Ẹ ti dé ibẹ̀ tán, inú agbọ̀n lẹ́yìn ọkọ̀ ni mo ń sùn, ẹ bojú wẹ̀yìn, ẹ rí i bẹ́ ẹ ṣe so ó, ẹ ní ọmọ tí a ti so mọ́lẹ̀ báyìí, ẹ ò ní í tú u mọ́." Ó rẹ́rìn-ín kékeré. "Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn. Kí ló dé tí ohùn yín ń gbọ̀n?"

Télọ̀ ń ronú òrùka irin méjì, ó ń ronú àárọ̀ Ajé.

Sálúbàtà lásán ló wọ̀ tó fi sáré dé ọgbà Jórinjórin. Wọ́n ti ti géètì. Ó kàn án, ó pariwo títí tí ajá àdúgbò fi dá a lóhùn. Kò mọ ilé Jórinjórin. Ó ní òun ò ní kúrò níbẹ̀, pé ìgbà tó bá dé, òun ni yóò kọ́kọ́ rí. Ó fẹ̀yìn ti géètì. Oorun gbé e lọ.

Ìró iná ló jí i, ìró tó ń ṣe ṣììì bí ìgbà tí omi bá kán sórí irin gbígbóná. Inú ọgbà ló ti ń wá. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Jórinjórin máa ń gbà wọlé.

Télọ̀ yí ọgbà po, ó wọlé. Jórinjórin dúró ní ẹ̀yìn ọkọ̀ aláwọ̀ sánmà náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Iná ṣì ń jó lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó ń wo ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo tiẹ̀ fẹ́ jó níbí?"

Ilẹ̀ náà dán. Télọ̀ fọwọ́ rá a, ó fi èékánná wá ojú ihò tí òun fúnra rẹ̀ dá. Kò sí. Kò sí òrùka nínú pàǹtírí irin, kò sí lórí tábìlì. Ó wọ ọjà, ó wá òrùka méjì mìíràn, ó bẹ Jórinjórin kó dá ilẹ̀ lu. Jórinjórin bá a ṣe é, àánú rẹ̀ ń ṣe é. Wọ́n dè é, wọ́n fà á, ó dúró. Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ọkọ̀ ti tún dán. Òrùka méjèèjì wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ìgbà tí ènìyàn bá bọ́ wọn kalẹ̀.

Nígbà tí Àbámẹ́ta pé, kò fẹ́ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n Ògidì ló wá mú òun àti ọkọ̀ nílé. Ògidì tú ṣéènì fúnra rẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí àárín gbùngbùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àgbà ọkùnrin kan yọ fìlà. "Bó ṣe jáde nílé iṣẹ́," ni wọ́n ń wí fún ara wọn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó wà níwájú ọmọ tó ń sùn. Wọ́n sún fún Télọ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n gba nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá ń dá gbé, àwọn kì í fi í sílẹ̀. Ohun tó ti ń wá nìyí. Ó jókòó sí àárín wọn, òtútù ń mú un.

Nígbà tó yá, ó jáde lọ bá Àlẹ̀mọ́ nínú oòrùn.

"Ṣé o rántí mi?"

"Ìwọ ni Télọ̀." Àlẹ̀mọ́ ń wo ọkọ̀ aláwọ̀ sánmà lábẹ́ òrùlé. "Ó dà bí ẹni pé ò ń sọ̀rọ̀ ẹnìkan fún mi tẹ́lẹ̀. Ò ń sọ ọ́ dáadáa. Mo ti gbàgbé ẹni tí ó jẹ́."

"Báwo ni mo ṣe lè dá wọn padà?"

Àlẹ̀mọ́ kò bi í pé àwọn wo. Ó fi ọwọ́ kan iná ńláńlá iwájú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ka orí ọmọ. "Èmi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ nǹkan kan lára tèmi," ló wí. "Má bi mí nídìí." Ó wọnú ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, Télọ̀ gbé fóònù sórí itan. Oòrùn wọ̀. Ìyá àgbà ojúlé kejì palẹ̀ ìjókòó rẹ̀ mọ́. Fóònù dún. Ó gbé e.

"Télọ̀, o ti jẹun?"

Ògidì ni. Ó ní òun kàn ní kí òun béèrè àlàáfíà rẹ̀ ni. Inú rere ló wà lóhùn rẹ̀. Télọ̀ dúpẹ́, ó ní òun ti jẹun, wọ́n sì dágbére.

Lẹ́yìn náà, ó tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n sórí. Ó dún, ó dún. Ẹnìkan gbé e.

"Ẹ ǹlẹ́ o."

Ohùn rẹ̀ ni. Ayọ̀ gba Télọ̀ lọ́kàn. "Ọmọ mi. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ta ni, sà?"

"Èmi ni. Bàbá rẹ."

Ariwo ilé ìwòsàn ń lọ lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì onítáyà kan ń kọjá. "Ẹ ti ṣi nọ́ńbà tẹ̀, sà. Èmi ò ní bàbá. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ni wọ́n ti tọ́ mi." Kò bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà.

Télọ̀ ní ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan nílẹ̀. Kò rí ọ̀kan sọ. Ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń mí. Ọmọ náà kò gbé fóònù sílẹ̀.

"Bàbá," ló wí nígbà tó yá, "ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ wà nílé ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Ẹ ò bímọ ni?"

"Mo bí ọ̀kan. Obìnrin ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé fóònù yìí sílẹ̀, kí ẹ pè é. Inú rẹ̀ á dùn láti gbọ́ ohùn yín." Ó ní ó dàárọ̀, sà. Fóònù já.

Télọ̀ jókòó nínú òkùnkùn díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí ọmọ náà ní kó ṣe. Ó tẹ nọ́ńbà kan náà, ó gbé e sétí. Ó ń dún.